Ìbòmú Tàbí Ìbòàgbọ̀n?

Nígbà tí ìjọba Èkó sọ ìbòmú di dandan ní ọdún 2020, wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àrùn kòrónà kọ lù ní ilé ìwòsàn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ń sọ pé irọ́ ni. Bí wọ́n bá rí ọlọ́pàá, wọn a fà á bo imú. Bí ọlọ́pàá bá kọjá, ó di ìbòàgbọ̀n. Ta ni ìhàlẹ̀ yí lọ́kàn padà?

Nígbà tí ṣànpọ̀nná ń jà láyé àtijọ́, wọn kì í dárúkọ rẹ̀ pàápàá. Olóde ni wọ́n ń pè é. Ọlọ́pàá wo ló ṣọ́ wọn? Àgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ níyì ló sọ ọ́, ọmọ sì pa á mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Bí irú àrùn bẹ́ẹ̀ bá tún dé, ìyálọ́jà ni kí ìjọba kọ́kọ́ bẹ̀. Bí ó bá ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bo imú nítorí ìyá arúgbó tó wà nílé,” aláìgbàgbọ́ lè jiyàn àrùn. Yóò ṣòro fún un láti jiyàn ìyá rẹ̀.