Asà Idán Kò Yẹ Kó Gun Orí Asà Ọwọ́

Nínú ìwé òfin eré orí tábìlì Dungeons & Dragons tó jáde lọ́dún 2014, ọfọ̀ méjì wà lára àwọn ti ìpele kìn-ín-ní tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n dáàbò bo ara lọ: Mage Armor àti Shield. Ẹni tí kò wọ ẹ̀wù ogun kankan nìkan ni Mage Armor ń ràn lọ́wọ́. Ó ń sọ iye ààbò rẹ̀ di 13, á tún fi ìyára ara rẹ̀ kún un, wákàtí mẹ́jọ ni yóò sì fi ṣiṣẹ́. Bí ẹni náà bá gbé ẹ̀wù irin wọ̀, ọfọ̀ ọ̀hún ti tú nìyẹn. Shield kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí idà ti ń bọ̀ lórí ẹni ni wọ́n ń pè é. Ó ń fi 5 kún iye ààbò títí yóò fi tún kan ẹni tó pè é láti ṣe, kò sì béèrè ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ì báà wọ aṣọ lásán, ì báà di irin mọ́ra láti orí dé ẹsẹ̀ kó sì tún gbé asà dání, 5 náà ni. Ibí yìí ni òfin eré náà ti kù díẹ̀ káàtó. Àtúnṣe tó yẹ ẹ kò sì jìnnà rárá, nítorí pé láti ọdún 2003 ló ti wà nínú ìwé eré náà fúnra rẹ̀.

Ìṣirò ló máa fi ohun tó burú níbẹ̀ hàn. Bí ọ̀tá bá fẹ́ lu ènìyàn nínú eré yìí, olùdarí eré á ju dáìsì olójú 20, á fi iye tí ìwé fún ọ̀tá náà kún ohun tó bá já sí. Bí àròpọ̀ rẹ̀ bá tó iye ààbò ẹni tí wọ́n ń lù, ó bà á nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká mú ogre, òmìrán onígi kùmọ̀ tí ìwé fún ní 6. Oṣó kan tó ti pe Mage Armor, tí ìyára rẹ̀ sì jẹ́ 2, ní 15. Ojú 12 nínú 20 ni kùmọ̀ fi máa bà á. Bó bá pe Shield, ààbò rẹ̀ á di 20, ojú 7 ló sì máa kù fún òmìrán. Ẹ wá gbé òmìrán kan náà síwájú ẹni tó wọ ẹ̀wù irin kíkún tó sì gbé asà: 18 àti 2, ó di 20. Ojú 7 ni òmìrán ní kí ẹni yìí tó la ẹnu rárá. Bó bá wá pe Shield, ó di 25, ó ku kí dáìsì já sí 19 tàbí 20. Ojú 2 péré! Ọfọ̀ kan náà ni, àyè kan náà ló sì gbà nínú ìwọ̀nba ọfọ̀ tí wọ́n lè pè lóòjọ́. Síbẹ̀, lára oṣó aláṣọ lásán, ju ìdajì nínú àwọn ìlù náà ló ṣì ń wọlé. Lára ẹlẹ́wù irin, ohun tó kù kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí ojú dáìsì tó kù fún ọ̀tá ṣe ń dín kù ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá yọ níbẹ̀ ń níye lórí sí i. Ẹni tó ti yó ni ọfọ̀ yìí wá ń bu oúnjẹ fún jù.

Àwọn tó fara mọ́ òfin náà máa ń dáhùn pé ẹni tó bá so irin àti ọfọ̀ pọ̀ ti san owó rẹ̀: ẹ̀wù irin kíkún tó 1,500 owó wúrà, ó ń béèrè agbára ara 15, oṣó tó bá sì fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ sábà máa ń fi iṣẹ́ oṣó sílẹ̀ fún ìgbà kan. Òótọ́ ni nípa ẹ̀wù tó wúwo jù lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀wù yẹn nìkan ló wà. Nínú ìwé 2014 kan náà, àwọn aràrá orí òkè mọ ẹ̀wù aláàárín wọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn. Oṣó tó bá sì fi ìpele ẹyọ kan ṣe àlùfáà yóò rí ẹ̀wù aláàárín gbà pẹ̀lú asà. Ìpele àlùfáà yẹn wọ inú ìṣirò àyè ọfọ̀ rẹ̀ lódindi, kò pàdánù ju pé àwọn ọfọ̀ oṣó tó ga á pẹ́ ní ìpele kan kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀wù yẹn pẹ̀lú asà lè gbé e dé 19, Shield á sọ ọ́ di 24, ojú 3 ló kù fún òmìrán wa. Òfin pé ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ ṣófo kí ènìyàn tó lè pe ọfọ̀ náà kò dí i lọ́wọ́, nítorí pé oṣó kò nílò idà. Jagunjagun tó di idà mú lọ́wọ́ kan, asà lọ́wọ́ kejì, ni òfin yẹn ń dà láàmú. Ẹnì kan tó san owó gidi ni Eldritch Knight, jagunjagun tó kọ́ idán díẹ̀. Nígbà tó bá dé ìpele kẹta, àyè ọfọ̀ méjì péré ló ní, iwájú ìjà sì ni ibùdúró rẹ̀. Kò sí ẹni tó yẹ kó bínú sí i.

Àwọn kan á ní eré lásán ni, kí ẹni tó bá gbọ́n jẹ èrè ọgbọ́n rẹ̀. Eré yìí kì í ṣe ti ẹnì kan, àwọn mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọ́n jọ ń jókòó sídìí tábìlì kan. Olùdarí eré tó bá rí i pé ohunkóhun kò ran ẹni tó ní 25 á wá ọ̀tá tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ó mú èyí tí iye rẹ̀ jẹ́ 11 wá: ojú 7 ló máa fi ba ẹni 25 yẹn. Ẹnì kejì tó wọ ẹ̀wù awọ tirẹ̀, tó ní 15, ojú 17 ni wọ́n máa fi bà á. Ẹni tí kò dẹ́ṣẹ̀ ló wá ń jìyà. Àwọn mìíràn ní kí olùdarí eré yáa lo iná àti májèlé, àwọn ohun tí iye ààbò kò lè dá dúró. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ bí gbogbo ìjà bá di iná àti májèlé nítorí ẹnì kan, kí ni ìwúlò idà, ọfà àti kùmọ̀ tó kún inú ìwé?

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí irin àti idán má ṣe pàdé mọ́. Àwọn kan ń fẹ́ kí eré padà sí ọdún 1974, nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé e jáde tí oṣó kò gbọdọ̀ fi ẹ̀wù ogun kan ara. Wọ́n gbàgbé pé nínú ìwé yẹn gan-an, elf, ẹ̀yà kan nínú eré náà, lè wọ ẹ̀wù ogun tó ní idán kó sì máa pe ọfọ̀ rẹ̀ lọ. Kò sì sí ìdí tí ọmọ Yorùbá á fi gbà pé ohun ìjà ara àti oògùn ń takora, nígbà tí àwọn ọdẹ wa ń rán oògùn mọ́ gbérí tí wọ́n ń wọ̀ lọ sóko. Ìwé ọdún 2003 gbìyànjú láti fi dáìsì jẹni níyà: ẹ̀wù awọ á ba ọfọ̀ jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá nínú ọgọ́rùn-ún, irin kíkún nígbà 35. Ìyà yẹn kò dára. Orí ẹni tó ń ju iná ló ń bọ́ sí bó ṣe ń bọ́ sí orí ẹni tó ń wá ààbò, kò sì sí ohun tí ènìyàn lè ṣe ju kó máa retí pé kí dáìsì ṣàánú òun.

Ohun tó yẹ ká mú padà nínú ìwé yẹn ni òfin rẹ̀ kejì, pé ààbò tó jọ ara wọn kì í ropọ̀. Asà ni wọ́n ka 4 tí ọfọ̀ Shield ń fúnni sí nígbà náà, ẹni tó bá sì ní asà lọ́wọ́ á mú èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ẹ fi òfin yìí sórí 5 ti ìsinsìnyí kí ẹ wò ó. Ẹlẹ́wù irin kíkún tó pe Shield á pàdánù 2 asà ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà yẹn, á ní 23 dípò 25. Òmìrán wa á ní ojú 4. Láti 7 sí 4 fún un, láti 12 sí 7 fún oṣó: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Skyrim, eré fídíò tó jáde lọ́dún 2011, gba ọ̀nà mìíràn dé ibi kan náà. Ọfọ̀ Oakflesh ń fi 40 kún ààbò ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò wọ ẹ̀wù ogun tó sì ti kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ débi tó ga jù lè sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Níbẹ̀, ẹni tó bọ́ irin sílẹ̀ rí nǹkan gbà dípò rẹ̀.

Ìwé tuntun tó jáde lọ́dún 2024 kò fọwọ́ kan 5 yẹn. Ó kù sọ́wọ́ àwọn olùdarí eré. Kí wọ́n sọ òfin náà lọ́jọ́ tí kálukú ń kọ ìwà àti iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ fi ṣeré sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ná owó wúrà rẹ̀ sórí asà, kí wọ́n má ṣe dúró di àárín ìjà.