Bọ́ọ̀lù Kì í Ṣe Ejò!
Ẹni tó bá dúró nídìí tábìlì táwọn ọmọdé ti ń gbá tẹníìsì l'Agbowó, ariwo àwọn bàbá ló máa kọ́kọ́ gbọ́: "Fi agbára gbá a!" Ẹ gbọ́ ná, ejò lẹ fẹ́ kó pa ni? Gíráàmù 2.7 péré ni bọ́ọ̀lù yẹn o! Kí ọmọ di bátì mú jẹ́jẹ́, kó tẹ orúnkún, kó yí ìbàdí, kọ́wọ́ tó tẹ̀ lé e. Quadri Aruna, ọmọ Ọ̀yọ́ tó dé ipele ẹlẹ́ni mẹ́jọ nínú ìdíje àgbáyé ní Houston lọ́dún 2021, fóòháńdì rẹ̀ le bí àrá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àti ìbàdí ló ń gbé e. Ẹ̀yin òbí, ẹ rọra. Èjìká ọmọ tó bá bà jẹ́, wọn kì í ta sípéà rẹ̀ ní Gate.