Ẹ Jẹ́ Ká Fa Rélùwéè Dé Gbaji

Ẹ̀yin ará Gbaji, ẹ̀yin ọmọ wa tó wà l'Ékòó àti ní Kútọnu, ọ̀rọ̀ básáà ìkórè ni mo gbé wá. Wọ́n á gbé odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí tábìlì, ẹni tó ń ṣe gbàǹjo á figbe ta, àwọn olówó mẹ́ta kan náà á máa fi owó lé ara wọn, àwa yòókù á máa pàtẹ́wọ́. Ẹni tó mú ₦200 kúrò nílé kò rí ibi ná an. Bẹ́ẹ̀, owó kékeré ló pọ̀ jù nílùú yìí. Òun ni mo fẹ́ ká wá ọ̀nà fún.

Rélùwéè ìṣeré ni ọ̀nà náà, èyí tó ń sáré yípo lórí pákó. Blue Line, rélùwéè gidi ti Èkó tí Ààrẹ Buhari ṣí ní January 24, 2023, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní September 4 ọdún náà, kìlómítà 13 ló rìn, láti Marina dé Mile 2. Okokomaiko ni wọ́n ní yóò parí sí. Tiwa yóò kọjá ibẹ̀. Ibùdókọ̀ mẹ́wàá la ó kọ yí irin náà ká: Marina, National Theatre, Orile-Iganmu, Suru-Alaba, Mile 2, Okokomaiko, Agbara, Badagry, Gbaji, Seme.

Tíkẹ́ẹ̀tì ibùdókọ̀ kan, ₦200. Tí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá tà tán, ọkọ̀ á gbéra. Ọmọdé tí a fi aṣọ dì lójú ni yóò tẹ bọ́tìnnì tó ń pa iná rẹ̀. Ọkọ̀ á ṣì yọ́ lọ díẹ̀ kó tó dúró. Ibùdókọ̀ tí imú rẹ̀ bá dé ló jẹ. ₦2,000 wọlé, ká yọ ₦500 tí a fi ra ẹ̀bùn, ó ku ₦1,500 fún àga àwọn ọmọ iléèwé. Ká sá a ní ogún ìgbà, ₦30,000 nìyẹn.

Ẹnì kan á ní tẹ́tẹ́ ni. Ó jọ ọ́, n kò jiyàn. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀bùn kò fi gbọdọ̀ jẹ́ owó: àgbọn, ìwé, bísíkíìtì ni. Kí àwọn àgbà kọ́kọ́ béèrè ohun tí òfin wí lọ́wọ́ àjọ tó ń rí sí lọ́tìrì nípìnlẹ̀ Èkó, ká sì ka owó náà lójú gbogbo èrò kí básáà tó túká.

Pákó pẹlẹbẹ méjì, ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4, la ó so pọ̀, tí yóò ṣeé tú palẹ̀. Kí ojú irin fẹ̀ tó mílímítà 45, torí ọkọ̀ ńlá ni ará ẹ̀yìn lè rí. Bátìrì ọ̀kadà, volt 12, á fà á. Irin idẹ ni kí ẹ rà. Atẹ́gùn òkun wa kì í pẹ́ mú irin lásán dípẹtà. Idẹ náà á dúdú, iná á sì máa já, nítorí náà aṣọ ìnulẹ̀ kan kò gbọdọ̀ jìnnà.

Ẹ̀yin káfíńtà, ẹ̀yin oníṣẹ́ iná, ẹ jáde. Ẹ̀yin ìyá alágbọn, àgbọn kan láti ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ti tó ẹ̀bùn. Ẹ̀yin tó wà lókèèrè, ọkọ̀ àti irin ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Sunday tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, pákó la ó kọ́kọ́ gé: ẹni tó bá ní ayùn, kó mú un dání.