Ìdánwò Orí Fóònù Níbi Ìdálẹ́kọ̀ọ́

Kí àwọn àgbà wa tó pa àlọ́ onítàn, àlọ́ àpamọ̀ ni wọ́n fi ń ta ọmọdé jí. Irú ọgbọ́n yẹn ló wà nínú Kahoot, tí wọ́n gbé jáde ní Norway lọ́dún 2013. Ìbéèrè á hàn lára ògiri, olúkúlùkù á tẹ ìdáhùn lórí fóònù rẹ̀. Ẹni tó gbà á, tó sì yára, ló ń gba máàkì jù.

Níbi ìdálẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní Inísà, ìyára yẹn gan-an ló ń kọ wá lóminú. Màmá tó mọ Bíbélì dunjú lè gbẹ̀yìn ọ̀dọ́ tí ìka rẹ̀ yá. Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́, fóònù kan fún ènìyàn mẹ́rin. Dátà náà á dín kù.

Ìbò orí Mentimeter, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Sweden, ni àwa fẹ́ràn jù, nítorí kì í fi orúkọ hàn. Ẹ bi àwọn olùkọ́ pé, "Ọjọ́ wo lẹ máa ń múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀?" Bó bá jẹ́ pé wọ́n á nawọ́ níwájú pásítọ̀ ni, gbogbo wọn á ní Mọ́ńdè ni. Lórí fóònù, alẹ́ Sátidé lè borí. Alábòójútó tó bá rí i, kó má wá ẹni tó tẹ̀ ẹ́ o! Ọjọ́ tó bá bèèrè "Ta ni?" ni òtítọ́ parí. Kó kúkú ṣètò ìpàdé ìmúrasílẹ̀ sí àárín ọ̀sẹ̀.

Bí nẹ́tíwọ̀kì bá kọ̀, ẹ pín bébà pélébé, kí wọ́n kọ ìdáhùn láìkọ orúkọ, kí ẹ sì kà á sókè.