Ohun tó ṣẹ́kù nídìí epo: èyí tó wúlò àti èyí tó léwu

 Ọ̀rọ̀ epo la mú wá lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ẹ ń dà sínú ọbẹ̀. Ohun tó máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá fún epo tán là ń bá lọ. Ní agbègbè wa níbí, láti Sango dé Ìyànà-Ìyẹsí, títí wọ Àtàn àti Adó-Odò, nǹkan wọ̀nyí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Àdí wà lórí àtẹ, ọṣẹ dúdú wà nínú ike, kéèkì èkùrọ́ ń wọ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń sin adìyẹ. Ẹni tó bá sì ń wọ bọ́ọ̀sì láti Sango lọ sí Ọ̀ṣọ́dì yóò ti gbọ́ bí àwọn olóògùn ṣe ń pariwo pé epo kan tàbí kápúsù kan ń wo ogójì àrùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó yẹ ká mọ èwo ni òótọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ilẹ̀ àwọn olólífì ná. Òróró ólífì kì í ṣe àjèjì ní Ọ̀tà, ìlú tí ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ilé ló ní ìgò kékeré tí wọ́n ti gbàdúrà sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ló ń dé inú oúnjẹ. Ní Sípéènì, Ítálì àti Gíríìsì tí wọ́n ti ń ṣe é, bí wọ́n bá fún 100 kílò èso ólífì, òróró tí wọ́n ń rí kì í sábà ju bíi 20 kílò lọ. Ìyókù di pàǹtí àti omi dúdú kan tó korò bí ewúro, tó máa ń ba ilẹ̀ àti odò jẹ́ bí wọ́n bá dà á nù. Àwọn onímọ̀ wá yẹ omi yìí wò, wọ́n rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn èròjà kíkorò inú èso náà, tí wọ́n ń pè ní polyphenol, inú pàǹtí àti omi yẹn ló ń bá lọ. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ hydroxytyrosol. Ní 2011, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù, EFSA, gbà pé bí èèyàn bá ń rí mílígíráàmù 5 èròjà yìí àti àwọn tó jẹ mọ́ ọn lójúmọ́ láti inú òróró ólífì, ó máa ń dáàbò bo ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kó má bàa bàjẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí o. Wọn kò sọ pé ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn kò sì sọ pé kí onítọ̀ ṣúgà ju oògùn rẹ̀ nù.

Àwọn ará Màléṣíà náà ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀pẹ. Omi ìdọ̀tí tó ń jáde nílé iṣẹ́ epo pupa pọ̀ gan-an; fún tọ́ọ̀nù epo kan, omi náà máa ń ju tọ́ọ̀nù méjì lọ. Ní 2011 ni Ravigadevi Sambanthamurthi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ wọn jáde pé àwọn rí irú èròjà kan náà nínú omi yìí, ó sì ṣe àǹfààní fún àwọn ẹranko bíi eku àti ehoro tí wọ́n fi dán an wò. Ẹ kíyè sí i: eku àti ehoro. Inú yàrá ìwádìí ni wọ́n sì ti sẹ́ ẹ mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má lọ bu omi ẹbu mu nítorí ohun tí a kọ yìí.

Ó wá ku tiwa, ìyẹn àdí. Inú èkùrọ́ ni àdí ti ń jáde, èkùrọ́ sì ni ohun tó kù nígbà tí epo pupa bá ti kúrò lára ẹyìn. Àdí dúdú ni èyí tí wọ́n yan èkùrọ́ rẹ̀ lórí iná kí epo tó jáde. Ó dára fún awọ gbígbẹ, pàápàá nígbà ọyẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ àwọn àgbà máa ń sán. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ èròjà kan tí wọ́n ń pè ní lauric acid, àwọn onímọ̀ sì ti rí i pé ó lè pa àwọn kòkòrò àìfojúrí kan nínú ìgò àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ìgò àyẹ̀wò kì í ṣe ikùn ọmọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dun wá rèé. Bí gìrì bá gbé ọmọ, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ìyá ń nawọ́ sí ni ìgò àdí. Wọn yóò fi ṣíbí la eyín ọmọ, wọn yóò da àdí sí i lẹ́nu. Ọmọ tí gìrì gbé kò lè gbé nǹkan mì dáadáa, nítorí náà àdí yẹn lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Epo tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró kì í tètè jáde. Ó lè di àrùn tí yóò máa gbà ọmọ lémìí. Gìrì ọ̀hún ì bá ti lọ fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àdí ló kù tí ń pa ọmọ.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ẹ tú aṣọ tó fún un lọ́rùn. Ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ì báà jẹ́ ṣíbí, ìka tàbí àgbo, ẹ má sì ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Ẹ wo aago. Bó bá ti ń lọ sí ìṣẹ́jú 5, ẹ gbé e, ẹ máa lọ sí ọsibítù. Kódà bí gìrì bá ti dáwọ́ dúró, ẹ ṣì gbé e lọ, nítorí ibà ẹ̀fọn tàbí àrùn ọpọlọ lè wà nídìí rẹ̀, èyí tí àdí kò lè rí.

Àwọn kan tún máa ń fọ́ kámfọ̀ inú àpótí aṣọ sínú àdí, wọn a fi pa ọmọ lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa, pàápàá àwọn ọkùnrin, ni wọ́n bí pẹ̀lú ohun tí àwọn dókítà ń pè ní àìtó G6PD, tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò fi lè fara da kámfọ̀ yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ yóò máa fọ́, ojú rẹ̀ yóò pọ́n bí osùn, ìbà pọ́njú tó bá sì le lè ba ọpọlọ ọmọ tuntun jẹ́ títí ayé.

Fún ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń fi àdí se ọbẹ̀ nítorí pé ẹnì kan sọ pé ó ń fọ ẹ̀jẹ̀: ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àdí ló jẹ́ ọ̀rá tó máa ń dì, nígbà tí ti epo pupa jẹ́ nǹkan bí ìdajì. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn ọkàn ń bá fínra kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di oúnjẹ ojoojúmọ́. Epo pupa ní tirẹ̀ ní èròjà tí ara fi ń ṣe fítámì A tó ń ran ojú lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá yọ́ ọ lórí iná títí ó fi funfun, èròjà yẹn ti jóná.

Eérú náà wà níbẹ̀. Ìdì ẹyìn tí wọ́n ti yọ ẹyìn lára rẹ̀ ni wọ́n ń sun, pẹ̀lú èèpo kòkó, kí wọ́n tó fi omi rẹ̀ àti àdí se ọṣẹ dúdú. Ọṣẹ yìí dára, a ò bá a jà, ṣùgbọ́n ó le fún awọ ọmọ tuntun àti fún ojú. Ewu tó ju ìyẹn lọ wà nílé àwọn tó ń fi sódà oníná se ọṣẹ láti tà. Wọn a pò ó sínú ike omi tàbí ife, ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ a gbé e mu. Ó ń jó ọ̀fun, ọ̀nà oúnjẹ lè dí pátápátá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Bí ọmọ bá gbé sódà tàbí kẹrosíìnì mu, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì jẹ́ kó bì. Ohun tó jó o nígbà tó ń wọlé yóò tún jó o bó ṣe ń jáde, kẹrosíìnì tó bá sì bì lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ fi omi fọ ara tó bá kàn, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba ní Ọ̀tà tàbí èyí tó bá sún mọ́ yín jù. Ẹ mú ike tàbí ìgò tó ti mu ún dání, kí dókítà lè mọ ohun tó wọ inú ọmọ.