Ìwọ̀n Èébú nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin

Àwọn kan nínú àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wa ti ń bi wá léèrè ohun tí ó yẹ kí Abẹnugan ṣe bí aṣòfin kan bá sọ̀rọ̀ rírùn láàárín ìjíròrò. Kì í ṣe èébú ńlá, bí kò ṣe irú ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tí inú bíbí máa ń tì jáde lẹ́nu ènìyàn. Ìbéèrè náà kò kéré lójú wa. Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní ìpín 55 àti ìpín 97, ti ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ kí èdè Yorùbá lè di èdè ìjíròrò: nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ nígbà tí ètò bá ti tó, àti nínú Ilé ti Ìpínlẹ̀ bí Ilé náà bá fi ọwọ́ sí i. Ẹni tí ó bá gba àlejò sílé yóò gba ẹrù rẹ̀ pẹ̀lú. Bí èdè wa bá wọlé, èébú wa yóò bá a wọlé.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a ti rí ìlànà tí àwọn Ilé wa ń tẹ̀ lé. Ní Westminster, aṣòfin kì í bá aṣòfin sọ̀rọ̀. Abẹnugan ni ó ń bá sọ̀rọ̀, kì í sì í pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní orúkọ, bí kò ṣe pé kí ó pè é ní ẹni ọlọ́lá tí ó ń ṣojú ibi báyìí. Bí ọ̀rọ̀ burúkú bá jáde, Abẹnugan yóò ní kí ó kó o padà. Bí ó bá kọ̀, yóò jáde kúrò nínú Ilé ní ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2016, Dennis Skinner fún David Cameron, Olórí Ìjọba, ní orúkọ ìnagijẹ tí ó fi hàn pé alábòsí ni. Ó kọ̀ láti kó o padà, a sì lé e jáde. Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2021, Dawn Butler wí pé Boris Johnson ti purọ́ fún Ilé àti fún orílẹ̀-èdè. Òun náà kọ̀, òun náà sì jáde. Kí ẹ̀yin ònkàwé wa ṣàkíyèsí pé kò sí ọ̀rọ̀ rírùn kan nínú méjèèjì. Ẹ̀sùn ni wọ́n. Níhìn-ín ni ìwà àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti ìwà tiwa ti pàdé, nítorí ọmọ tí a bá kọ́ dáradára kò jẹ́ wí fún àgbà pé, "Ẹ purọ́." Yóò wí pé, "Bàbá, bóyá ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀," gbogbo ilé yóò sì mọ ohun tí ó sọ.

Ní ti ọ̀rọ̀ rírùn gan-an, ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ mélòó kan tí wọ́n ń tẹ̀ lé ìlànà kan náà. Ní oṣù Kejì ọdún 1971, àwọn aṣòfin alátakò ní Kánádà fi ẹ̀sùn kan Pierre Trudeau, Olórí Ìjọba wọn, pé ó fi ètè bú àwọn. Wọ́n rí ètè rẹ̀. Wọn kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Nígbà tí àwọn oníròyìn bi í léèrè, ó ní òun mi ètè lóòótọ́, ó sì dọ́gbọ́n dá ọ̀rọ̀ kan tí kò ní ìtumọ̀, "fuddle duddle," pé bóyá ohun tí òun ní lọ́kàn ni ìyẹn tàbí ohun tí ó jọ ọ́. Àwọn ará ìlú gba ọ̀rọ̀ náà bí eré, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ.

Ti Niu Silandi tún pa wá lẹ́rìn-ín jù. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2022, Jacinda Ardern, Olórí Ìjọba, dáhùn ìbéèrè David Seymour tán, ó jókòó, ó sì kùn sí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé agbéraga ni ọkùnrin náà, ó wá fi orúkọ ẹ̀yà ara ọkùnrin kan kún un, èyí tí àwa kò ní kọ síhìn-ín. Ẹ̀rọ gbóhùngbóhùn gbé e, ó sì wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ Ilé. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Seymour. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì fi ọwọ́ sí ojú ìwé náà, wọ́n tà á ní gbàǹjo, ó sì mú 100,100 dọ́là ilẹ̀ wọn wá fún àwọn tí ń gbógun ti jẹjẹrẹ pròsítéètì. A kò rò pé irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ láàárín olóyè méjì ní ìlú wa. Àwọn ẹbí ìbá ti gbé e ṣe ìjà kí ìwé tó gbẹ.

Ní Irelandi, ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, Paul Gogarty kọ́kọ́ tọrọ gáfárà, ó sì wá sọ ọ̀rọ̀ tí kì í tilẹ̀ ṣe wẹ́wẹ́ sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a ṣí ìwé tí a kọ àwọn ọ̀rọ̀ èèwọ̀ Ilé náà sí, a kò bá ọ̀rọ̀ yìí níbẹ̀.

Àwọn kan nínú wa ń dámọ̀ràn pé kí a túmọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí Yorùbá, kí a sì fi lé àwọn Abẹnugan wa lọ́wọ́. Àwa kò gbà pẹ̀lú wọn. Ìwọ̀n ọ̀rọ̀ kì í bá ọ̀rọ̀ sọdá láti èdè kan sí èkejì. Gẹ̀ẹ́sì lè wí pé "damn" nígbà tí ó bá fi ẹsẹ̀ kọ òkúta, kò sí ẹni tí yóò wo ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ègún ni ní ìpìlẹ̀, pé kí Ọlọ́run dá nǹkan náà lẹ́bi. Ṣùgbọ́n lílò ti gbo ó bí owó àtijọ́, títí àwòrán ojú rẹ̀ fi pa rẹ́. Èpè kò tíì gbó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí a bá ṣẹ́ é fún, ì báà jẹ́ ní eréfèé, yóò ní kí a wí pé kò ní í ṣẹ. Bí a bá sì túmọ̀ "bloody" sí ẹlẹ́jẹ̀, ẹ̀rín ni Ilé yóò fi bọnu.

Ẹ tún wo ọ̀nà kejì. Ní Australia, ọ̀rẹ́ a máa fi "bastard" kí ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá pe olóyè ní ọmọ àlè, kì í ṣe òun nìkan ni a bú: a ti pe ìyá rẹ̀ ní alágbèrè, a sì ti yọ ọwọ́ ilé wọn kúrò nínú oyè. Akọ̀wé Ilé tí ó bá kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ti sọ òkúta di ìyẹ́, ẹni tí ó sọ̀kò náà yóò sì rí ibi sá sí.

Ọ̀rọ̀ mímọ́ pẹ̀lú lè dá ìlú rú. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1962, nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn, igbe tí a ròyìn pé aṣòfin kan fi dá ìjókòó náà rú ni pé iná ń jó lórí òkè, ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré ní ilé ẹ̀kọ́. Kò sí èébú nínú rẹ̀. Àga fò, ọ̀pá àṣẹ di ohun ìjà, ọlọ́pàá ta tajútajú. Nígbà tí ó di ọjọ́ 29 oṣù kan náà, a ti kéde ìjọba pàjáwìrì.

Nítorí náà, ohun tí àwa ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí Abẹnugan tí ń ṣàkóso ìjókòó Yorùbá máa wo ara tí ọ̀rọ̀ bà. Bí aṣòfin bá fi ìbínú pe ọ̀nà tí kò dára ní ọ̀nà ràdàràdà, tàbí tí ó bá mẹ́nu kan ìsó tàbí ìdí láti fi pa òwe, tí ó sì ti wí pé tótó ó ṣe bí òwe, kí a jẹ́ kí ó kọjá. Àwọn baba wa kò fi èyí bínú ní ààfin. Bí ọ̀rọ̀ bá ba ènìyàn, tí ó bá ba ìyá tàbí ìran rẹ̀, tàbí tí ó bá jẹ́ èpè, kí a mú ẹni náà kó o padà lójú ẹsẹ̀, ní èdè tí ó fi sọ ọ́.

Kí akọ̀wé sì kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀, kí a má baà ka olè sí ọ̀lẹ nígbà tí ẹjọ́ bá dé. Àwọn olùkọ́ tí ó lè ṣe iṣẹ́ yìí kò wọ́n ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa; owó oṣù wọn nìkan ni ó kù kí Ilé fi ọwọ́ sí. Ẹ̀yin ìjòyè tí ọ̀rọ̀ eré ìlú yín jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjà ní ìlú kejì, ẹ kọ wọ́n ránṣẹ́ sí wa pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn kí oṣù yìí tó parí, kí a lè tò wọ́n jọ fún àwọn akọ̀wé náà.