Ejìká àtọwọ́dá: lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ńkọ́?

Ní Ọ̀fà, níbi tí ìjàkadì ti jẹ́ orò àjogúnbá, kò sí ẹni tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé iyì ejìká fún. Àìsàn kan wà tí í ba ejìká jẹ́ láìsí ìjàkadì rárá, òun ni fòníkú-fọ̀la-dìde. Nǹkan bí 150,000 ọmọ ni wọ́n ń bí pẹ̀lú rẹ̀ lọ́dọọdún ní Nàìjíríà. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá ráyè dé orí eegun apá, orí eegun náà yóò kú, yóò sì wó. Oríkèé ìbàdí ni èyí ti wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kì í dá ejìká sí. Ọ̀dọ́ ẹni ọdún 25 lè dẹni tí kò lè gbé apá sókè ya irun orí ara rẹ̀.

Nígbà tí oògùn kò bá ràn án mọ́, àwọn dókítà eegun lè fi irin àti ike rọ́pò oríkèé náà. Ìwádìí kan tó jáde ní 2020 fi hàn pé ó lé ní 90 nínú 100 irú ejìká bẹ́ẹ̀ tí í lò ju ọdún 10 lọ. Ẹ má jẹ́ kí a tètè yọ̀. Àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n kà. Òmíràn tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 2019, sọ pé nínú ọkùnrin 4 tó ṣe é ní ọdún 55 sí 59, ó ṣeé ṣe kí ẹni 1 tún padà sórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ kó tó kú. Ẹni ọdún 25 ńkọ́, tó ṣì ní ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láti lò ó?

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Ní 1893 ni Péan fi ejìká àtọwọ́dá sára ọkùnrin kan ní Paris. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere, àmọ́ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 2, ìkọlù kòkòrò àrùn mú kí wọ́n yọ ọ́.

Láti Ọ̀fà, Ìlọrin tàbí Igbóbì, l'Ékòó, ni a sábà máa ń forí lé fún ọ̀rọ̀ eegun tó le. Mọ̀lẹ́bí a máa tu owó jọ fún iṣẹ́ abẹ. Ta ló ń tu owó jọ fún fọ́tò eegun ti ọdún karùn-ún àti ìkẹwàá? Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kí ó gba ìwé tó ní orúkọ irin náà àti bó ṣe tóbi tó, kí ó fi pamọ́. Kí ó má gbà kí àwọn tí ń to eegun fọwọ́ kàn án. Bí ibà bá dé tí ejìká náà sì ń dun ún, ilé ìwòsàn ni kí ó lọ lọ́jọ́ náà gan-an.